Ipò Kìíní Lẹ́ẹ̀mejì, Ife Ẹ̀yẹ Kò Wá: Sáà Àkọ́kọ́ Cavalry FC ní Calgary

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Cavalry FC ti ìlú Calgary ní ọdún 2019 tó ṣì ń dùn mí títí di òní. Líìgì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ìyẹn Canadian Premier League (CPL), pín sáà rẹ̀ sí abala méjì. Cavalry gba ipò kìíní ní abala ìgbà ìrúwé, wọ́n sì tún gba ipò kìíní ní abala ìgbà ìwọ́wé. Nínú eré 28 tí wọ́n gbá, wọ́n borí nínú 19, wọ́n ta ọ̀mì nínú 5, wọ́n sì pàdánù 4 péré. Àmì 62 nìyẹn, nígbà tí Forge FC ti ìlú Hamilton tó tẹ̀ lé wọn ní 56. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ líìgì náà jáde ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, lórí pápá Cavalry gan-an, àwọn ará Hamilton ló gbé e lọ sílé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Calgary ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìtòsí ilé wọn. Premier League ti ìlú ọba là ń jí wò ní kùtù Sátidé kí oorun tó dá lójú wa. Arsenal àti Chelsea là ń tìtorí wọn bára wa jiyàn níbi tí a ti ń gẹ irun. Pé kí èèyàn wá wọ ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìlú lọ wo ẹgbẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan, tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un, ó dà bí àṣejù lójú ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Èmi lọ, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo rí níbẹ̀ àti ìdí tí mo fi gbà pé tábìlì líìgì ọdún yẹn sọ òtítọ́ ju ife ẹ̀yẹ lọ.

Kánádà kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí kò mọ bọ́ọ̀lù. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ wọn ni líìgì tiwọn. Toronto FC wọ líìgì MLS ti Amẹ́ríkà ní 2007, Vancouver Whitecaps tẹ̀ lé e ní 2011, Montreal Impact sì darapọ̀ mọ́ wọn ní 2012. Ẹgbẹ́ mẹ́ta péré yìí ni ọmọ Kánádà tó bá fẹ́ fi bọ́ọ̀lù jẹun ní ipele tó ga jù láìkúrò nílé lè máa fojú sí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ra agbábọ́ọ̀lù wá láti ibi gbogbo láyé. Líìgì tí orílẹ̀-èdè náà dá ní fúnra rẹ̀ ṣáájú, ìyẹn Canadian Soccer League, ti kógbá sílé láti 1992. Ikọ̀ àwọn ọkùnrin wọn kò sì tíì padà dé ìdíje Ife Àgbáyé láti 1986 nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún 2017 ni àjọ Canada Soccer fọwọ́ sí i pé kí Canadian Premier League wáyé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2018, tí FIFA gbé Ife Àgbáyé 2026 fún Kánádà, Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò lápapọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti di kánkán, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ gba àlejò ayé sílé kí àwọn ọmọ ilé má mọ eré tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ẹgbẹ́ méje ló bẹ̀rẹ̀. Pacific FC wà ní Langford lórí erékùṣù Vancouver. HFX Wanderers wà ní Halifax lẹ́bàá òkun Àtìláńtíìkì. Valour wà ní Winnipeg. Forge wà ní Hamilton, York9 sì wà ní agbègbè Toronto. Ìpínlẹ̀ Alberta tí mò ń gbé wá ní méjì, FC Edmonton àti Cavalry. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Kánádà yóò mọ̀ pé láti Langford dé Halifax, odindi ilẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ kan ń fò kọjá kó tó gbá ìṣẹ́jú 90. Òfin tún wà tó jẹ́ kí líìgì náà yàtọ̀: nínú mọ́kànlá tó bá bẹ̀rẹ̀ eré, mẹ́fà ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Kánádà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ fún àwọn ọmọ Kánádà tí kò tíì ju ọdún 21 lọ ní ìṣẹ́jú 1,000 lórí pápá láàárín sáà. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2019 ni Forge àti York9 fi ọ̀mì 1–1 ṣí líìgì náà ní Hamilton lójú èèyàn tó lé ní 17,000, Ryan Telfer ti York9 ló sì gbá ayò àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀ wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, Cavalry gba York9 lálejò, wọ́n sì nà wọ́n ní 2–1.

Pápá tí wọ́n ti gbá a yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Spruce Meadows ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní gúúsù ìlú. Ìdílé Southern ló dá a sílẹ̀, ìdíje àwọn tó ń gun ẹṣin fo ìdènà ni wọ́n sì ṣí i fún. Gbogbo ayé eré ẹṣin ló mọ ibẹ̀. Nígbà tí ìdílé náà wá gbà láti ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n kọ́ ìjókòó tó gba nǹkan bí 6,000 èèyàn yí pápá kan ká láàárín ọgbà náà, wọ́n pè é ní ATCO Field, wọ́n sì fi orúkọ ẹgbẹ́ náà yẹ́ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Lord Strathcona's Horse sí. Àwọn alátìlẹ́yìn tó ń lu ìlù lẹ́yìn ilé ayò wá sọ ara wọn ní Foot Soldiers, ìyẹn ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn, kó má baà jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ń gun ẹṣin. Bí o bá wọlé láti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, òórùn koríko àti ti ẹṣin ni yóò kọ́kọ́ kí ọ; ilé pátákó funfun àti ọgbà òdòdó ni yóò tẹ̀ lé e, kí o tó gbọ́ ìlù rárá.

Mo mú ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lọ síbẹ̀ nígbà tí oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, “Àbúrò, ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù kọ́ lo mú mi wá yìí, ilé ẹṣin ni.” Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde wá na ara, tí ọ̀kan nínú wọn kọ ẹ̀yìn sí wa, tí wọ́n sì rí ADEKUGBE lára aṣọ rẹ̀, ṣe ni ẹ̀gbọ́n dìde dúró.

“Ha! Ọmọ wa nìyẹn! Ọmọ ìlú ibo ni?”

Mo dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, London ni wọ́n bí i sí o, ibí ló sì dàgbà sí.”

“Mi ò bi ọ́ ní ibi tí wọ́n bí i sí. Mo ní, ọmọ ìlú ibo ni?”

Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n náà sì wò mí bí ẹni tí kò wúlò. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, Cavalry ti di “tiwa” lẹ́nu wọn. Elijah Adekugbe ni ọmọkùnrin náà, àárín ló ń gbá. Sam Adekugbe tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbá ẹ̀yìn apá òsì fún ikọ̀ Kánádà, ó sì wà lára àwọn tó lọ sí Ife Àgbáyé ní Qatar ní 2022. Ní ìhà kejì ìpínlẹ̀ wa, lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò tí a kì í fẹ́ kó borí wa, Tomi Ameobi wà nínú FC Edmonton. Newcastle ni wọ́n bí òun sí, Shola tó gbá bọ́ọ̀lù fún Newcastle United àti fún Super Eagles ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ń pe ìfigagbága Calgary àti Edmonton ní Al Classico, tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ orúkọ Alberta àti El Clásico ti Sípéènì, ọmọ Oòduà ti wà ní ìhà méjèèjì, àwa nìkan ni kò tíì gbọ́.

Àmọ́ kí n padà sórí bí ẹgbẹ́ tuntun ṣe lè mọ eré ṣe tó bẹ́ẹ̀. Cavalry bẹ̀rẹ̀ líìgì pẹ̀lú ìborí méje léraléra, wọ́n sì fi àmì 24 nínú eré mẹ́wàá gba abala àkọ́kọ́. Àwọn oníròyìn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu ni. Kò sí ìyanu kankan níbẹ̀. Cavalry dà bí ọmọ tó ti ń rìn, tó ti ń sáré, kí wọ́n tó ránti sọ ọ́ lórúkọ. Tommy Wheeldon Jr., akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn tó jẹ́ ọmọ Liverpool, ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ Calgary nínú ẹgbẹ́ Calgary Foothills fún ọdún pípẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2018, ìyẹn oṣù bíi mélòó kan kí líìgì tuntun tó bẹ̀rẹ̀, Foothills gba ife PDL, ìdíje tó kó àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà àti Kánádà pọ̀. Ìgbà tí wọ́n ní kí Wheeldon wá kó agbábọ́ọ̀lù jọ fún Cavalry, kò lọ wá àjèjì lọ títí. Ó yí padà, ó sì pe àwọn tó ti mọ ohùn rẹ̀. Marco Carducci tó ń ṣọ́lé wà nínú wọn, Dominick Zator àti Joel Waterman lẹ́yìn wà nínú wọn, Nico Pasquotti náà wà nínú wọn. Nik Ledgerwood tó di balógun ẹgbẹ́ jẹ́ ọmọ Lethbridge, ìlú tí kò jìnnà sí wa. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ní Jámánì, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, òun náà sì ti gba ọ̀dọ̀ Foothills kọjá.

Orí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n wá gbé àwọn àlejò díẹ̀ lé. Dominique Malonga, ọmọ Kóńgò tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Faransé, tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Ítálì àti Skọ́tíláǹdì, gbá ayò 11 wọlé ní sáà náà. Oliver Minatel wá láti Bràsíl, Jose Escalante wá láti Honduras. Ohun tó wù mí jù nínú eré wọn ni bí wọn kì í ṣe fi àkókò ṣòfò: bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní àárín, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbé e gbà, wọ́n á sì gbé e wọ inú àpótí iwájú ilé ayò lójú ẹsẹ̀. Eré wọn kò lẹ́wà lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó sọ pé bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù sókè yẹn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ iléèwé gírámà, mo sì ní kí wọ́n ka ayò.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá eré ìdárayá ni ọjọ́ 24 oṣù keje. Ìdíje Canadian Championship ló fà á, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì tuntun ti ń pàdé àwọn ọ̀gá tó wà ní MLS. Cavalry àti Vancouver Whitecaps ti ta ọ̀mì 0–0 ní Spruce Meadows ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, gbogbo wa sì rò pé nígbà tí wọ́n bá dé BC Place, pápá ńlá olórùlé tó wà láàárín Vancouver, ojú yóò là. Ilé ni mo ti wo eré náà. Escalante ló kọ́kọ́ gbá ayò wọlé; Vancouver dá a padà; ní abala kejì, Zator fi orí kan èyí tó jẹ́ 2–1, ó sì parí bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Canadian Premier League kan tó na ẹgbẹ́ MLS rí ṣáájú alẹ́ ọjọ́ yẹn. Owó oṣù ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù MLS lè bo ti ọ̀pọ̀ èèyàn nínú Cavalry, Zator tó gbá ayò náà wọlé sì jẹ́ ọmọ Calgary. Montreal ló dá wọn dúró ní ìpele tó tẹ̀ lé e, 2–1 lọ́hùn-ún àti 1–0 nílé, ṣùgbọ́n ojú kò tì wọ́n nínú èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Abala kejì líìgì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, eré 18 ni. Cavalry borí nínú 11, wọ́n ta ọ̀mì márùn-ún, wọ́n pàdánù méjì. Ibí yìí ni òfin ti wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Àwọn tó ṣètò líìgì náà ti sọ pé ẹni tó bá gba abala ìrúwé àti ẹni tó bá gba abala ìwọ́wé ni yóò pàdé nínú àṣekágbá, lẹ́sẹ̀ méjì, nílé àti lóde. Bí ẹgbẹ́ kan náà bá wá gba abala méjèèjì ńkọ́? Wọn kò ní kí ó gba ife kí ó máa lọ sílé. Ẹni tó wà ní ipò kejì ni wọn yóò fà wá bá a. Níbi tí mo gbé dàgbà ní Ìbàdàn, tí a ti ń gbọ́ èsì eré Shooting Stars lórí rédíò, ẹni tó bá wà lókè tábìlì lọ́jọ́ ìkẹyìn ló ni líìgì. Bí inú bá bí ẹ, o lè sunkún. Ará Kánádà kò dàgbà bẹ́ẹ̀. Họ́kì orí yìnyín ló kọ́ wọn pé gbogbo sáà jẹ́ ọ̀nà tó lọ sí àṣekágbá, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kẹwàá dé oṣù kẹrin kàn ń pinnu ẹni tí yóò wà níbẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ń wí yé mi. Mi ò gbà fún wọn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, Forge na Cavalry ní 1–0 ní Hamilton, Tristan Borges ló gbá a wọlé. Ọmọ yẹn dára. Òun ló gbá ayò wọlé jù lọ ní líìgì lọ́dún náà, 13, wọ́n sì fi oyè agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù dá a lọ́lá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa kóra jọ sí Spruce Meadows.

Òtútù mú débi pé irin ìjókòó ń gba aṣọ kọjá. Obìnrin kan tó jókòó níwájú mi gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá, ó sì fi bo àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àti ọmọ ẹni ẹlẹ́ni kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìbi ìyá rẹ̀ léèrè. Ayò kan péré ni Cavalry nílò láti bá wọn dọ́gba. Wọ́n wá a títí. Bọ́ọ̀lù ń lọ sí àpótí Forge, ó ń padà, ó tún ń lọ. Àwọn onílù kò dákẹ́, àmọ́ nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orin ti kúrò lẹ́nu wọn, ìlù nìkan ló kù. Nígbà tí àfikún àsìkò dé, tí Cavalry ti kó síwájú, David Choinière gbá èkejì wọlé fún Forge. Ọkùnrin kan lápá ọ̀tún mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè kọ síbí. Àwọn ọmọ inú bùláńkẹ́ẹ̀tì bèèrè bóyá eré ti parí, ìyá wọn ní ó ti parí.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé Forge jalè. Wọ́n borí lẹ́ẹ̀mejì nínú eré tí òfin ní kó pinnu, wọn kò sì jẹ́ kí Cavalry gbá ayò kan ṣoṣo wọlé nínú ìṣẹ́jú 180. Bí mo ṣe ń ronú nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, mo rí i pé Forge gan-an ń ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Bobby Smyrniotis, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ Sigma ní agbègbè Toronto tipẹ́tipẹ́. Ibẹ̀ ni Cyle Larin tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Forge ti wá. Ẹgbẹ́ méjì tó dé àṣekágbá jẹ́ ẹgbẹ́ méjì tó ti ní ilé kí líìgì tó ní orúkọ. Halifax ní òǹwòran tó ń pariwo ju ti gbogbo wọn lọ, ní àárín ìlú gan-an, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí wọ́n kó jọ láàárín oṣù díẹ̀ ni wọ́n ní, ipò keje ni wọ́n sì wà. Sáà àkọ́kọ́ líìgì kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù. Ó ń sọ ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Eré 28 ló lè fi ìyẹn hàn. Eré méjì nínú òtútù kò lè fi í hàn, nítorí nínú eré méjì, kíkọsẹ̀ ẹnì kan ti tó.

Calgary sì ti wà níbi irú nǹkan báyìí rí. Nígbà tí Canadian Soccer League bẹ̀rẹ̀ ní 1987, Calgary Kickers ló gba ife ọdún àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ Hamilton Steelers ni wọ́n sì nà nínú àṣekágbá. Bí ẹ bá sọ pé Hamilton wá gba gbèsè ọdún 32 ní Spruce Meadows, mi ò ní bá yín jà.

Àwọn ohun tí sáà náà bí kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jáde. Wọ́n fún Wheeldon ní oyè akọ́nimọ̀ọ́gbá tó peregedé jù. Ní oṣù kìíní 2020, Montreal ra Joel Waterman, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ MLS sanwó lé lórí láti Canadian Premier League. Nígbà tó di 2022, òun náà wà ní Qatar pẹ̀lú ikọ̀ Kánádà. FC Edmonton kò rí bẹ́ẹ̀ là: líìgì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ní ìparí 2022, Al Classico sì parí síbẹ̀, ohun tó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí kò sí adùn nínú bíborí nígbà tí kò sí aládùúgbò tí yóò bínú sí i.

Ní 2023, líìgì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá wà lókè tábìlì ní ẹ̀bùn tirẹ̀, CPL Shield. Cavalry ló kọ́kọ́ gbà á, Forge sì tún gba ife àṣekágbá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Hamilton, gbogbo àríyànjiyàn mi nípa 2019 sì tún gbóná lẹ́nu mi. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Forge ló wà lókè tábìlì, Cavalry ló ṣìkejì. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 2024, àwọn méjèèjì pàdé nínú àṣekágbá ní ATCO Field, Cavalry sì na Forge ní 2–1, wọ́n gba ife líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé fún wọn báyìí o, ṣé tábìlì ni àbí ife. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́la.”